Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Èrè Padà Lọ́wọ́ Ẹni: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Kan ní Chicago

Ẹ̀gbọ́n kan pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Chicago ni. Ẹni tó ni ilé náà tẹ́lẹ̀ ti fìgbà kan ní ilé ọtí. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé náà tòun ti ẹrù tí wọn ò lè gbé gun àtẹ̀gùn jáde láti yàrá abẹ́ ilé. Ẹ̀rọ kan wà lára ẹrù yẹn. Ẹ̀gbọ́n ti fi iná sí i, wọ́n sì ti ń ki owó ẹyọ bọ̀ ọ́ láti alẹ́ àná.

"Àbúrò, olè ni nǹkan yìí," ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Tí mo bá jẹ mẹ́rin, á fi mẹ́rin sílẹ̀ fún mi. Tí mo bá jẹ ogójì, á kà á fún mi lójú ara mi, tá, tá, tá, títí á fi pé ogójì. Kí n tó gbọ́wọ́ lé e, á tún kà á padà di òdo."

"Ṣé ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, sà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo kà á."

Mo ń gbọ́ ohùn ìyàwó wọn lẹ́yìn. "Dádì, ẹ bá mi bi í bóyá kalokalo ni. Tó bá jẹ́ kalokalo ni, kò ní sun inú ilé yìí mọ́jú."

"Kì í ṣe kalokalo," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn kíá. "Kalokalo máa ń da owó sílẹ̀. Èyí kò ní ibi tí owó ń gbà jáde. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára gíláàsì rẹ̀ pé fún ìgbádùn nìkan ni."

Ìbéèrè méjì ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ibì kan náà ni màá ti bá ìdáhùn wọn.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Chicago níbí. Tí mo bá ráyè, mo máa ń tún àwọn ẹ̀rọ eré àtijọ́ ṣe, àwọn tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Ìlú tó bá ẹni tó fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí mu ni Chicago. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Bally, Gottlieb, Williams, Keeney, United, Chicago Coin: ìlú kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wọn ti ṣe ẹ̀rọ wọn láyé àtijọ́. Lọ́dún tó bá ṣe, ìlẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilé kan á ṣí, ọ̀kan lára wọn á sì tún yọjú.

Èyí tí mo bá nílé Ẹ̀gbọ́n ga dé àyà mi. Àpótí pákó ni, wọ́n ṣe é bíi rédíògírámù ayé àtijọ́, àfi pé òró ló dúró. Gíláàsì wà lókè rẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán sí lẹ́yìn: ẹranko, èso, agogo, ní òpó mẹ́ta. Lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan ni gílóòbù kékeré kan wà. Tí o bá ki owó bọ̀ ọ́, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri ara òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mọ́tò á máa kùn nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà iná kan á dúró lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Tí àwọn tó dúró bá bára mu, nọ́ńbà kan lábẹ́ gíláàsì á máa gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eré ọ̀fẹ́ tí o jẹ nìyẹn. O lè fi wọ́n ta ẹ̀rọ náà láìki owó mìíràn sí i. O sì lè ki owó lé owó kí iná tó sáré, kí iye tí wàá jẹ lè pọ̀ sí i.

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo tẹ̀ ba mo wo ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ. Kò sí àwo tí owó lè já sí.

Ẹni tó bá mọ kalokalo láti ilé, apá irin tí wọ́n ń fà àti àwọn kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tó ń yí ló máa wá sí i lọ́kàn. Charles Fey, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní San Francisco, ló gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún 19, tó pè é ní Liberty Bell. Tí agogo mẹ́ta bá tò, sẹ́ǹtì 50 á já bọ́. Sípíríǹgì àti kẹ̀kẹ́ eléyín ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò sí iná nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n kò ní apá, kò ní kẹ̀kẹ́ alàwòrán, iná ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Ìdí wà tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, màá dé ibẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ọwọ́ mi ṣe mọ nǹkan wọ̀nyí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ ní P&T, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ìjọba, kí ẹ̀ka tẹlifóònù rẹ̀ tó di ara NITEL lọ́dún 1985. Orí ẹ̀rọ tẹlifóònù Strowger ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn. Almon Strowger tó ṣe ẹ̀rọ yẹn, ètò ìsìnkú ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Kansas City. Wọ́n ní ó fura pé ẹni tó ń so àwọn èèyàn pọ̀ lórí tẹlifóònù ń darí àwọn oníbàárà òun sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ló bá wá ọgbọ́n tí tẹlifóònù yóò fi máa so ara rẹ̀ láìsí ẹni kankan láàárín. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1891. La Porte ní Indiana ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó fún aráàlú, lọ́dún 1892, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí Chicago. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ eré kan nílùú yìí, mo rí i pé mo ti mọ àwọn ará ilé náà. Àwọn ọmọ ìyá ohun tí ọ̀gá mi ń tún ṣe ní P&T ló kún inú rẹ̀.

Rílè ni olórí wọn. Kọ́ìlì kan ni, waya tí wọ́n wé mọ́ irin. Tí iná bá wọ inú rẹ̀, irin náà á di òòfà, á fa abẹ́ irin kan mọ́ra, abẹ́ yẹn á sì ti àwọn ewé súwíìṣì tó wà létí rẹ̀, àwọn kan á pàdé, àwọn kan á pínyà. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà so ó tó fi jẹ́ pé, tí ó bá ti fà, ọ̀kan nínú àwọn ewé tirẹ̀ gan-an ni yóò máa fún un ní iná, tí yóò fi di ara rẹ̀ mú títí ohun mìíràn yóò fi já iná yẹn. Ẹ rántí èyí. Èkejì ni sítẹ́pà, kẹ̀kẹ́ eléyín tí kọ́ìlì ń tì síwájú ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kọ́ìlì mìíràn sì ń dá padà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń ka eré ọ̀fẹ́. Ẹ̀kẹta ni àwọn àwo tí mọ́tò ń yí, tí ìka bàbà ń rá lórí ìṣó bàbà tó tò yípo. Ibi tí ìka bá dúró lé ni gílóòbù tó máa tàn. Èyí ló dípò kẹ̀kẹ́ alàwòrán.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo yẹ fíúsì wò. Ẹnì kan ti wé bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo ti rí i nínú ẹ̀rọ tó ju mẹ́wàá lọ, orí mi ṣì máa ń gbóná sí i, torí iná ilé ló ń pè yẹn. Mo yọ ọ́, mo fi fíúsì tó yẹ síbẹ̀. Tiransifọ́mà rẹ̀ dára: fóltì 50 fún àwọn kọ́ìlì, fóltì 6 fún àwọn gílóòbù.

Lẹ́yìn náà mo ní kí Ẹ̀gbọ́n máa ta á, èmi á jókòó sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jẹ méjìlá. Nọ́ńbà gòkè dé méjìlá, ó dúró. Wọ́n ta á títí wọ́n fi jẹ ogún lé e lórí. Nọ́ńbà ń gòkè, mọ́tò ń kùn, ó dé ogún ó lé díẹ̀, mo bá gbọ́ tí rílè kan pa kọ́, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Etí ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́. Ohun tí etí mi sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni pé nọ́ńbà náà kò yọ̀ lulẹ̀. Tó bá jẹ́ pé eyín sítẹ́pà ló ti jẹ, tàbí gírísì tó gan ló ń dà á láàmú, nọ́ńbà á já wálẹ̀ wùùrù lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bọ̀, ó ń rìn dọ́gbadọ́gba, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka owó fún oníbàárà. Ẹ̀rọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Lábẹ́ ìró sítẹ́pà, mo tún gbọ́ ìró kékeré kan láti igun ẹ̀yìn lọ́hùn-ún: tíkí, tíkí, tíkí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Mítà dúdú kékeré kan ni, ó ní nọ́ńbà márùn-ún lójú. Bí eré ọ̀fẹ́ kan bá ti lọ lókè, ọ̀kan á lé sí i nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "kì í ṣe pé ó ń gbàgbé o. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n wá sẹ́yìn wá wò ó. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Kò sí ìwé àwòrán waya nínú àpótí náà. Mo ya tèmi sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, waya sí waya, gbogbo wọn ni aṣọ tí wọ́n fi bò wọ́n ti ṣá. Mo rí rílè tó ń pa kọ́ yẹn, mo wo ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó lẹ̀ pọ̀. Mo fi bébà há ewé tó fi ń di ara rẹ̀ mú. A ta á títí ó fi jẹ púpọ̀. Rílè náà kàn ta pọ́ún, ó tú, eré ọ̀fẹ́ kan péré ló lọ. Mo ti rí ohun tó ń lọ: nǹkan kan ń fún rílè náà ní iná fún ìṣẹ́jú bíi ká ṣẹ́jú, òun fúnra rẹ̀ ló ń di ara rẹ̀ mú lẹ́yìn ìyẹn, tó ń ka gbogbo èrè náà dànù títí súwíìṣì òdo tó wà lára sítẹ́pà á fi já iná rẹ̀.

Kí ni nǹkan kan yẹn? Mo tẹ̀lé waya rẹ̀, ó mú mi dé ìdí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí lọ́wọ́ ẹ̀yìn, níbi tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kò lè rí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà lọ sí òdo, mítà ka gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe bọ́tìnnì náà fún nìyẹn: láti pa eré ọ̀fẹ́ rẹ́. Ó yá mi lára, mo rò pé mo ti mú olè. Mo yọ waya kan kúrò lẹ́sẹ̀ bọ́tìnnì, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n máa ta á lọ.

Wọ́n jẹ méjìlélógún. Ẹ̀rọ náà gbà á padà.

Mo ṣìnà níbí, kí n má parọ́. Mo lo ìyókù ọjọ́ yẹn lórí àwọn súwíìṣì ìdí ihò owó, mo ń fi fáìlì wẹ́wẹ́ fá ẹnu wọn, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo padà lọ́jọ́ Sátidé kejì. Inú ọkọ̀ mi ni mo wà lójú ọ̀nà nígbà tí mo bi ara mi ní ohun tó yẹ kí n ti bi ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀: kí ló dé tó jẹ́ pé èrè ńlá nìkan ló ń gbà? Kí ni èrè ńlá ń ṣe fún ẹ̀rọ tí èrè kékeré kì í ṣe?

Mọ́tò ni. Tí ó bá ń ka mẹ́rin, mọ́tò á yí díẹ̀, á dúró. Tí ó bá ń ka ogójì, á yí títí, gbogbo àpótí á máa gbọ̀n.

Mo dé ibẹ̀, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n fi èrè díẹ̀ sórí rẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà dúró sórí mẹ́jọ, tí mọ́tò dákẹ́, mo fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ìsàlẹ̀ àpótí. Kọ́! Mẹ́jọ di òdo.

Ìdọ̀tí, eruku àti páálí ìṣáná kún ìsàlẹ̀ náà. Mo kó wọn jáde. Lábẹ́ wọn ni tépù aṣọ dúdú kan wà, tó ti gbẹ bí èèpo igi. Ó ká wálẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Orí waya méjì tí wọ́n gé ló wà nínú rẹ̀, bàbà wọn hàn síta, wọ́n dojú kọra, àyè tó wà láàárín wọn kò tó ìbú irun. Bí àpótí bá gbọ̀n dáadáa, wọ́n á fẹnu kanra. Wọ́n á bríìjì fún ìṣẹ́jú bíi ká ṣẹ́jú, ìyẹn sì tó rílè náà.

Mo tẹ̀lé wọn sókè. Ẹsẹ̀ bọ́tìnnì kan náà yẹn ni wọ́n so wọ́n mọ́, lára waya ilé-iṣẹ́ gan-an, ìdí nìyẹn tí yíyọ bọ́tìnnì kò fi ṣe nǹkan kan. Mo tẹ̀lé wọn sísàlẹ̀. Ihò kan wà lára pákó ìsàlẹ̀ àpótí tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló lu ú. Etí rẹ̀ rí págunpàgun. Ibẹ̀ ni waya méjèèjì ń gbà jáde nígbà kan. Ẹnì kan ti gbé pìláyà gé wọn nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílé ọtí, ó wé tépù mọ́ ọn, ó ti ìlẹ̀kùn.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé yẹn, mo ń wo ihò náà. Mo mọ ibi tí waya yẹn lọ. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ ilé ọtí lọ sẹ́yìn káńtà, níbi tí ọlọ́tí ti lè fi orúnkún tẹ bọ́tìnnì kejì láìkúrò níbi tó dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká gbé òfin wá síbí, torí òun ló ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rọ yìí fi rí bó ṣe rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1951, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Johnson Act bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, àfi sí ìpínlẹ̀ tí òfin tirẹ̀ bá gbà á. Òfin náà sì sọ ohun tí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ jẹ́: ẹ̀rọ tí kẹ̀kẹ́ alàmì tó ń yí jẹ́ pàtàkì lára rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti fi owó tàbí ohun ìní jáde fún ẹni tó bá fi oríire jẹ.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní Chicago ka òfin yẹn dáadáa. Wọ́n yọ kẹ̀kẹ́ kúrò, wọ́n fi iná tó ń sáré rọ́pò rẹ̀. Wọ́n dí ẹnu tí owó ń gbà jáde, wọ́n fi nọ́ńbà eré ọ̀fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára gíláàsì pé fún ìgbádùn ni. Òfin ń wá kẹ̀kẹ́ àti ibi tí owó ń gbà jáde, kò sì rí ọ̀kankan. Owó-orí ìjọba àpapọ̀ nígbà yẹn, dọ́là 10 lọ́dún ni ti ẹ̀rọ ìgbádùn, dọ́là 250 ni ti ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì.

Ṣùgbọ́n eré ọ̀fẹ́ kì í ra ọtí, kì í san owó ilé. Ta ló máa jókòó nílé ọtí láti ta eré ọ̀fẹ́ 200 tán? Ẹni tó bá jẹ á pe ọlọ́tí. Ọlọ́tí á wo nọ́ńbà, á ka owó fún un láti inú dúrọ́ọ̀ tirẹ̀, á sì tẹ bọ́tìnnì kí nọ́ńbà padà sí òdo, kí ẹlòmíràn má baà tún gba owó kan náà. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ á wá kó owó. Báwo ló ṣe máa mọ iye tí ọlọ́tí ti san lápò ara rẹ̀? Á ṣí ẹ̀yìn, á ka mítà. Á dá iye yẹn padà fún un, wọ́n á sì pín ìyókù. Ìyẹn ni iṣẹ́ mítà dúdú kékeré yẹn. Ẹ̀rọ ìgbádùn kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣeré lásán, kò sẹ́ni tó nílò láti pa eré rẹ̀ rẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n pa rẹ́.

Ìjọba náà padà mọ̀. Lọ́dún 1957, nínú ẹjọ́ United States v. Korpan, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi owó rọ́pò eré ọ̀fẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti dọ́là 10 mọ́. Dọ́là 250 ni owó-orí rẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń pa eré ọ̀fẹ́ rẹ́, mítà tó ń kà á, àti ihò tí a ti lè ki owó lé owó, àwọn àmì tí wọ́n fi ń dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lára ti Ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún 1962, wọ́n tún Johnson Act ṣe. Wọn ò béèrè bóyá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fi owó jáde mọ́. Tí ó bá ti lè sọ ènìyàn di ẹni tí owó tọ́ sí nípa oríire, ó ti wọ inú òfin. Irú ẹ̀rọ onírúurú iná yìí kò tún ní ibi tí yóò sá sí.

Lójú tèmi, ohun tí àwọn ọmọ Chicago kọ́ nígbà tí wọ́n ń sá fún òfin kò ṣègbé. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Money Honey, kalokalo kan tí Bally ṣe, dé àwọn ilé tẹ́tẹ́ Nevada, níbi tí òfin ti gba tẹ́tẹ́ láti 1931. Wọ́n dá apá àti kẹ̀kẹ́ padà sára rẹ̀, ṣùgbọ́n rílè àti mọ́tò ló wà nínú, ó sì lè fúnra rẹ̀ ka owó ẹyọ 500 jáde fún ẹni tó bá jẹ, láìsí òṣìṣẹ́ kankan nítòsí.

Nípa àtúnṣe náà, ó rọrùn lẹ́yìn tí mo ti mọ ibi tí ó wà. Mi ò yọ waya méjèèjì kúrò, torí ìtàn ẹ̀rọ náà ni wọ́n. Mo fi rọ́bà bo orí ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí kí wọ́n má lè pàdé mọ́, mo so bébà kékeré mọ́ ọn tí mo kọ ohun tí wọ́n jẹ́ sí. Mo tú sítẹ́pà, mo fi sípírítì tí wọ́n ń tà nílé oògùn fọ gírísì tó ti dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín òróró inú agolo sí ibẹ̀, á yọ̀ lónìí, á di àtè lọ́la. Mo pààrọ̀ gbogbo gílóòbù nọ́ńbà 44 sí 47. Fóltì kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n 44 ń jẹ ìdá mẹ́rin ámpíà, 47 kò ju 0.15 lọ, ooru rẹ̀ kò sì ní máa bó ọ̀dà ẹ̀yìn gíláàsì. A ta á fún wákàtí méjì. Ẹ̀gbọ́n jẹ mẹ́rìndínlógójì. Nọ́ńbà náà dúró síbẹ̀.

"O ti mú olè náà," ni wọ́n wí, inú wọn dùn.

Aǹtí ti sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn ìkẹyìn, wọ́n ká apá mọ́ àyà. "Ẹ́njiníà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn."

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mi ò lè parọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

"Aǹtí, kalokalo ni, mà. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn káńtà." Mo fi ihò hàn wọ́n, mo fi bọ́tìnnì hàn wọ́n, mo ṣàlàyé bí ọlọ́tí ṣe ń sanwó.

Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí mo rò pé Ẹ̀gbọ́n pàápàá kò tíì gbọ́ rí. Wọ́n ní bàbá wọn kékeré l'Ékòó kì í mú owó oṣù délé; ìdí kalokalo ló ń tán sí, tí ìyá ilé á máa yá gàárì lọ́wọ́ ará ìta. Nígbà tí ìjọba ológun fòfin de kalokalo ní Nàìjíríà lọ́dún 1977, wọ́n ní ọdún yẹn ni àwọn ọmọ bàbá náà kọ́kọ́ wọ bàtà tuntun lọ sílé ìwé.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wá rọra ní, "Ṣé ká gbé e jáde ni?"

Mo sọ ohun tí mo mọ̀: pé òfin Illinois gba ènìyàn láyè láti ní irú ẹ̀rọ yìí tó bá ti lé ní ọdún 25, tí kò bá ti fi ta tẹ́tẹ́. Aǹtí ní àwọn ò béèrè òfin. Wọ́n rò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó lè dúró, ṣùgbọ́n owó kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ mọ́ nínú ilé àwọn. Mo so súwíìṣì kékeré kan mọ́ ti ihò owó, tí a lè tẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ eré láìki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Mi ò jó o mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè yọ ọ́ láìfi àpá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gé bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò owó.

Mo ti ń kó irinṣẹ́ mi nígbà tí Aǹtí ní kí n ka mítà yẹn fún àwọn. Mo ti kọ iye tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sì yọ àwọn tí Ẹ̀gbọ́n pàdánù: 38,460. Sẹ́ǹtì márùn-ún ni eré kan. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lórí fóònù wọn.

"Dọ́là 1,923," ni wọ́n wí. "Ìyẹn ni èyí tí ọlọ́tí san fún àwọn tó jẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò jẹ ńkọ́?"

Mo tún tan tọ́ọ̀ṣì sí igun ẹ̀yìn yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà dúdú náà, pákó mọ́ níbì kan, ó rí gbọọrọ, ó tóbi tó mítà kan gẹ́lẹ́. Ihò ìdè méjì wà lára rẹ̀, waya méjì sì so rọ̀ lókè wọn, wọ́n ti gé e.